Àwọn Àgàn Agbo Òkè

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Babá Mùnírátù nígbà tó la inú màlúù náà tán.

Kì í ṣe ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń já láyà. Iṣẹ́ alápatà ni bàbá rẹ̀ ṣe ní Ìgbó-Ọrà títí ọlọ́jọ́ fi dé, iṣẹ́ náà lòun pẹ̀lú bá dàgbà. Ṣùgbọ́n ohun tó rọra yọ́ jáde láti inú ẹran yìí sórí pákó kì í ṣe ìfun. Ọmọ ni. Ọmọ màlúù tó ti hu irun lára, pupa fòò, tí àmì funfun kan là á níwájú orí, tó ká ẹsẹ̀ mọ́ra bí ẹni tí oorun gbé lọ.

"Sùbúhánálàhí!" Babá Mùnírátù fọwọ́ bo ẹnu. "Ta ló mú aboyún wá fún mi pa?"

Ẹni tó mú un wá kò jìnnà. Japheth ni, oníṣòwò màlúù kan tó ń gbé ní ìhà Igangan. Ó ti ń fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ kúrò láàárín èrò, àfi bí wolé-wolé tó ń yẹ ẹran wò ṣe gbá a láṣọ mú.

"Mi ò jí i o!" Japheth pariwo. "Mo rà á ni! Kòtò ló jìn sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Mo ní kó tó kú sí mi lọ́wọ́, kí n tètè gbé e wá. Ẹ wo rìsíìtì!"

Rìsíìtì tòótọ́ ni. Òǹtẹ̀ Ọgbà Màlúù Àkànó wà lórí rẹ̀, ọgbà ńlá tó wà lójú ọ̀nà Ìdèrè. Nọ́ńbà tó wà létí ẹran náà, méjìdínlọ́gọ́fà, bá ti inú rìsíìtì mu rẹ́gí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà, wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ÀGÀN.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ìròyìn ti dé etí Alájì Búrẹ́mọ̀ Àkànó tó ni ọgbà náà. Kí oòrùn náà tó wọ̀, akọ̀wé rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwayẹ́misí, ti wà ní àtìmọ́lé ọlọ́pàá.

*

Èrúwà ni Inspẹ́kítọ̀ Salome Adérógbà ti wá lọ́jọ́ kejì. Màmá Ayọ̀délé ni gbogbo ayé ń pè é. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, tó bá rí i lọ́jà, á rò pé ọ̀gá ilé-ìwé ni. Ọ̀wọ́n epo ọdún náà kò jẹ́ kí mọ́tò tẹ́ṣàn wọn ṣeé gbé, nítorí náà ọkọ̀ akẹ́rù Alájì fúnra rẹ̀ ló lọ gbé e. Ó jókòó níwájú, ó ń wo oko ẹ̀gẹ́ tó ń sá lọ lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì jẹ́ kí Alájì sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀ tán.

"Màmá Ayọ̀délé, ọmọ yẹn ti fi mí ṣeré. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹran kan ni. Látìgbà tí ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ta àgàn fún Japheth, ní iye ẹran pípa. Bí ó bá jẹ́ pé aboyún ni gbogbo wọn ńkọ́? Aboyún tó jẹ́ pé akọ pupa mi ló gùn wọ́n!"

"Ta ló sọ fún yín pé wọ́n yàgàn, sà?"

"Kọ̀ǹpútà."

"Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀?"

"Ohun tó bá wà nínú kọ̀ǹpútà ni mo ń tẹ̀ lé. Ẹ̀rọ yẹn kì í parọ́. Nínú gbogbo wa, Yẹ́misí nìkan ló mọ̀ ọ́n lò. Bí irọ́ bá wá wà nínú rẹ̀, ta ló kọ ọ́ síbẹ̀?"

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ọgbà, Salome kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tó fi ní, "Alájì, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ mú ọmọ náà wá fún mi láti tẹ́ṣàn."

"Kí ó tún wá fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà? Kí ó lè pa ohun tó ṣe rẹ́?"

"Ẹni tó mọ yàrá ilé ló ń mú àlejò wọlé, sà. Mo fẹ́ kó fi hàn mí."

Ìwà rẹ̀ nìyẹn. Bí nǹkan bá ṣeé fi hàn, kì í fẹ́ kí wọ́n ròyìn rẹ̀.

*

Ojú Yẹ́misí ti wú nígbà tó dé. Aṣọ tó fi sùn ní àtìmọ́lé ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àkíbù, olórí àwọn darandaran ọgbà, lọ tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé, Yẹ́misí sì ká aṣọ tí wọ́n fi bo kọ̀ǹpútà kúrò. Ó nu ojú gíláàsì rẹ̀ kó tó jókòó, bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ.

"Èwo ni ìwé màlúù níbẹ̀?" Salome bèèrè.

"Òun rè é, mà."

Ojú gíláàsì náà là lóòró, ó là níbùú, ó wá di ilé kéékèèké bí ọpọ́n ayò tí ilé rẹ̀ kò lóǹkà. Yẹ́misí ṣàlàyé. Màlúù kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀. Bí ènìyàn bá tẹ̀ lé ìlà náà láti apá òsì lọ sí ọ̀tún, yóò bá nọ́ńbà etí ẹran, ìyá tó bí i, agbo tó wà, akọ tó gùn ún, bó ṣe wúwo tó, oògùn tó ti mu, bóyá ó lóyún tàbí ó ṣófo, àti ẹni tó rà á bí wọ́n bá ti tà á.

"Ibi oyún yìí," ni Salome wí. "Báwo ni ìwọ ṣe ń mọ̀ ọ́n?"

"Èmi kọ́ ni mo ń mọ̀ ọ́n, mà. Dókítà Láńrewájú ni. Òun ni dókítà ẹran wa. Yóò tọwọ́ bọ inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú agbo, tó bá ṣe tán yóò wá síbí, yóò máa pe nọ́ńbà, èmi yóò máa tẹ̀ ẹ́."

"Kì í kọ ọ́ síwèé kankan?"

"Ó máa ń ní orí òun ni ìwé òun, mà. Kì í sì í gbàgbé."

"Ìwọ náà á sì gbà á gbọ́."

Yẹ́misí wò ó bí ẹni pé ó bi í bóyá omi ń tutù. "Dókítà ló mú mi wá síbí, mà. Ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Nígbà tí bàbá mi kú, òun ló rán mi lọ kọ́ kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa Dókítà sínú ọ̀rọ̀ yìí. Bóyá èmi ni mo gbọ́ ohun tó pè sódì."

Alájì ké láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ò rí i? Ó ti jẹ́wọ́."

"Kò tíì jẹ́wọ́ nǹkan kan, sà." Salome fa àga sún mọ́ ẹ̀rọ. "Yẹ́misí, ṣé àwọn ìlà wọ̀nyí ṣeé tò lọ́nà mìíràn?"

"Bí ẹ bá ṣe fẹ́ ni wọ́n ṣe ṣeé tò, mà."

"Kó gbogbo àgàn ọdún yìí jọ sójú kan. Lẹ́yìn náà, tò wọ́n ní agbo-agbo."

Ọmọbìnrin náà tẹ̀ ẹ́. Àwọn ìlà fò, wọ́n pààrọ̀ ipò, wọ́n tún jókòó.

Agbo méjì ló wà nínú ọgbà náà, wáyà ẹlẹ́gùn-ún ló pààlà wọn. Akọ funfun ilẹ̀ yìí ló wà ní agbo ìsàlẹ̀. Akọ pupa tí Alájì rà láti ìhà Jọ́ọ̀sì ló wà ní agbo òkè. Nígbà tí Yẹ́misí tò wọ́n tán, àgàn díẹ̀ ló bọ́ sí agbo ìsàlẹ̀, ìyá arúgbó ni gbogbo wọn. Ti agbo òkè kún ojú gíláàsì. Àwọn arúgbó bíi mélòó kan wà nínú tiwọn náà, ṣùgbọ́n ìyókù jẹ́ ọ̀dọ́ abo tí ara wọn le, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti bímọ rí.

"Àgàn kì í wo ojú agbo kó tó wọ̀ ọ́," Salome sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Kí ló dé tí èyí fi mọ ààlà wáyà?"

Alájì dédé pàtẹ́wọ́. "Akọ pupa ni! Òun ló yàgàn! Ẹ wò ó, Dókítà ti ń fẹnu bà á látọjọ́ yìí pé agbára ẹran yẹn ti ń lọ, ó ní kí n tà á kó tó bà mí nínú jẹ́. Àṣé bó ṣe rí nìyẹn!"

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Salome pàápàá rò ó yíká. Bí akọ náà bá ti rẹ̀, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó jalè. A jẹ́ pé irú akọ náà kò mú mọ́, òtítọ́ sì ni Dókítà pè, òtítọ́ sì ni ọmọ yìí kọ. Ìdáhùn tó rọ gbogbo ènìyàn lọ́rùn ni. Ohun tó sì bà á lẹ́rù nínú rẹ̀ nìyẹn. Ó dìde.

"Ẹ mú mi lọ wo akọ náà."

*

Àkíbù ló ṣíwájú wọn lọ sí agbo òkè. Akọ náà wà lábẹ́ igi ìgbá, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Ó tóbi bí ahéré. Pupa ni láti ìrù dé ọrùn, àyàfi àmì funfun kan tó là á níwájú orí, láti agbede-méjì ìwo bọ̀ dé ojú imú.

Salome dúró wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Alájì, ẹ dé ibi tí Babá Mùnírátù ti pa ẹran lánàá. Báwo ni ọmọ tó jáde ṣe rí?"

"Ó pupa," ni Alájì wí. "Àmì funfun wà… níwájú orí."

"Bàbá ọmọ náà ló ń wò wá yìí. Akọ tó lè fún ẹran nọ́ńbà méjìdínlọ́gọ́fà yẹn lóyún kì í ṣe akọ tó yàgàn. A ti fi ìyẹn sẹ́yìn." Ó yíjú sí Àkíbù. "Ìwọ tí o wà lọ́dọ̀ wọn lójoojúmọ́, o ò rí ikùn wọn?"

Òógùn bo ojú Àkíbù. Kò lè wo Alájì lójú. "Màmá, ẹ forí jì mí. Mi ò jí màlúù. Wàrà nìkan ni. Ìyàwó mi ń ṣe é tà ní Ìdèrè."

"Wàrà?" Alájì ti gbé ọ̀pá sókè. "Wàrà màlúù mi?"

"Ẹ fi ọ̀rọ̀ wàrà sílẹ̀ dọjọ́ mìíràn, sà." Salome kò wẹ̀yìn. "Àkíbù, ikùn wọn ni mo bi ọ́."

"Mo rí i, mà. Mo sọ fún Dókítà pé àwọn àgàn yìí mà ń sanra sí ikùn. Ó ní koríko òjò ni. Ó tún ní aràn ló kún inú wọn."

"Ó fún wọn ní oògùn aràn nígbà náà."

Àkíbù họ orí. "Rárá o. Lọ́jọ́ tí a fún ẹran ní oògùn, ó ní kí n ya àwọn yẹn sápá kan. Ó ní oògùn ti tán."

Salome yí padà, ó ń yára lọ sí ọ́fíìsì, tó bẹ́ẹ̀ tí Alájì fi ń sáré tẹ̀ lé e.

"Yẹ́misí, oògùn aràn. Ilé wo ló wà nínú ìwé rẹ?"

"Èyí, mà. Oògùn tuntun ni, ó lágbára. Aboyún kì í mu ún, oyún lè bàjẹ́ lára rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a bá fẹ́ lò ó, mo máa ń tẹ ìwé jáde fún Dókítà. Aboyún, kó fò wọ́n. Àgàn àti ìyókù, kó fún wọn. Tó bá dé, yóò dá ìwé náà padà fún mi, èmi yóò fi àmì sí ẹni tó mu."

Salome fi ìka tẹ̀ lé ilé oògùn náà sísàlẹ̀ láìfi kan ojú gíláàsì. Níbòmíràn àmì wà. Níbòmíràn ilé ṣófo. Ó tún un tẹ̀ lé lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́tẹ̀ yìí ó ń wo orúkọ ẹni tó ra ẹran náà ní ìpẹ̀kun ìlà. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ilé.

"Ǹjẹ́ ìwé tí o tẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà wà?"

"Ó wà nínú fáìlì, mà."

"Gbé e fún mi. Alájì, ẹ bá mi ránṣẹ́ sí Dókítà. Ẹ sọ pé mo fẹ́ kó wá kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ nípa màlúù."

*

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ ìjàpá funfun kan fi wọlé. Dókítà Láńrewájú ga, ó wọ awò, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì tutù. Káàkiri ilẹ̀ Ìbàràpá, láti Tápà títí dé Èrúwà, ó ṣòro kí ènìyàn tó rí agbo ilé tó ń sin ewúrẹ́ tí kò tíì ké sí i rí. Bó ṣe wọlé tó rí Yẹ́misí, ó mi orí.

"Yẹ́misí, kí lo ṣe báyìí? Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá rẹ?"

Omijé dà lójú ọmọbìnrin náà. Salome nawọ́ sí àga.

"Ẹ jókòó, Dókítà. Orí mi kò gba ọ̀rọ̀ màlúù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Méjìdínlọ́gọ́fà yìí, nígbà tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí lẹ bá nínú rẹ̀?"

Dókítà wo Alájì, ó wo Yẹ́misí. "Oyún."

"Ẹ sì sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀?"

"Mo pè é ní aboyún."

"Àwọn ọ̀dọ́ abo yòókù tí Japheth rà ńkọ́?"

"Aboyún ni gbogbo wọn. Ohun tí mo bá bá ni mo ń pè. Bó ṣe wá di àgàn nínú ẹ̀rọ, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ni kí ẹ bi." Ó mí kanlẹ̀. "Ó dùn mí o. Bí ọmọ ni mo ṣe mú un."

Yẹ́misí gbójú sókè.

"Ẹ gbọ́ ọ!" ni Alájì wí.

"Mo gbọ́ ọ, sà." Ohùn Salome kò yí padà. "Dókítà, wọ́n ní oògùn aràn kan wà tó léwu fún aboyún ẹran."

"Ó léwu gan-an. Kò gbọdọ̀ kan ètè wọn."

"Ẹran ọgbà yìí sì pọ̀. Báwo lẹ ṣe ń dá aboyún mọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fún wọn? Orí lẹ fi ń ṣe é?"

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́, bí olùkọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbìyànjú. "Rárá o, orí kẹ̀? Oògùn kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà ló máa ń wà lọ́wọ́ mi."

"Òun náà lẹ tẹ̀ lé lọ́jọ́ tí ẹ fún wọn kẹ́yìn?"

"Láti òkè dé ìsàlẹ̀."

Salome tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ́ igun rẹ̀ pẹlẹbẹ. "Òun rè é. Ẹ bá mi ka orúkọ tí ìwé yìí pe méjìdínlọ́gọ́fà."

Ìgbà tí Dókítà máa fèsì, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Àgàn."

"Àgàn sì ń mu oògùn. Kí ló dé tí òun kò mu?"

"Oògùn… oògùn tán lọ́jọ́ náà. Mo rántí."

"Àkíbù náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo ibí yìí. Ìyá arúgbó kan, agbo òkè náà ló wà, àgàn ni ìwé pe òun náà. Ó mu. Èkejì rẹ̀ náà mu. Nígbà tí ẹ ṣe agbo òkè tán, ẹ bọ́ sí agbo ìsàlẹ̀, gbogbo ẹni tó yẹ kó mu níbẹ̀ ló mu. Oògùn tó ti tán lókè, ta ló tún un bí nísàlẹ̀?"

Dókítà fọwọ́ kan awò ojú rẹ̀.

"Àwọn tí kò mu," Salome ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ jẹ́jẹ́, "gbogbo wọn ni Japheth rà. Àwọn tó mu, kò ra ìkankan nínú wọn. Ẹnì kan ti mọ̀ nínú agbo lọ́jọ́ náà pé àgàn méjì ló wà: àgàn tó ṣófo, àti àgàn tí ọmọ wà nínú rẹ̀."

"Ó dáa," ni Dókítà wí lójijì. "Ó dáa, mo rántí dáadáa báyìí. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn, mo rántí pé aboyún ni mo bá nínú wọn. Mi ò fẹ́ kí oyún wọn bàjẹ́. Mo bá fò wọ́n. Ṣé ó yẹ kí wọ́n dá mi lẹ́bi nítorí ìyẹn?"

Salome mi orí bí ẹni tí wọ́n fún ní ohun tó ti ń wá. "Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, sà. Ẹ mọ̀ pé aboyún ni wọ́n. Ìwé wà lọ́wọ́ yín, ó pè wọ́n ní àgàn, ẹ sì mọ̀ pé irọ́ ni. Bí ènìyàn bá sín nínú agbo, wọ́n á gbọ́ ọ nínú ọ́fíìsì yìí. Kí ló dé tí ẹ kò ké sí ọmọ yìí pé, 'Yẹ́misí, o ti ṣi ohun tí mo pè tẹ̀, wá tún un ṣe'? Kí ló dé tó jẹ́ pé Àkíbù lẹ kọjú sí, tí ẹ ní oògùn tán?"

Salome fi ìka kan ìwé náà.

"Bí ó bá jẹ́ òun ló yí ọ̀rọ̀ yín padà, ọjọ́ yẹn lẹ ì bá ti rí i mú, ojúmọ́ kò ní mọ́ kí Alájì tó gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rí irọ́ náà, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá kí ẹ má baà jí i. Ẹni tó ni ajá nìkan ni ajá kì í gbó bó bá ń kọjá, Dókítà."

Alájì dìde díẹ̀díẹ̀. "Láńrewájú?" ló wí. Látọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò pè é láìfi Dókítà síwájú rí.

Dókítà bọ́ awò rẹ̀. Láìsí i, ojú rẹ̀ dàgbà.

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, Alájì. Nígbà tí ọgbà yìí kò ní ju ẹran péréte lọ, tí iṣẹ́ ìjọba pè mí n'Íbàdàn, kí lẹ sọ fún mi? Ẹ ní kí n dúró. Ẹ ní abo kan yóò máa jẹ́ tèmi lọ́dọọdún. Mo dúró. Mo tọ́jú wọn di ọ̀pọ̀. Ọdún wo lẹ fa ọ̀kan lé mi lọ́wọ́?"

Ilẹ̀ ni Alájì ń wò.

"Ọdọọdún ni mo ń rán yín létí, ọdọọdún lẹ ń ní ọdún tó ń bọ̀. Èmi náà wá ń mú èyí tó jẹ́ tèmi."

"Ìyẹn lè jẹ́ ẹjọ́," ni Salome wí, "ẹ sì lè jàre rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ kò pè é. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ńkọ́? Kí ni òun jẹ yín?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Dókítà kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. "Mo rò pé bó bá tilẹ̀ tú, wọ́n á kàn ní ó ṣèèṣì ni. Wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa tì í mọ́lé."

"Ẹ mọ̀ lánàá," ni Yẹ́misí wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i. Kò sunkún mọ́.

"Lánàá ni wọ́n mú mi, sà. Gbogbo ìlú ló gbọ́. Ẹ mọ̀ lánàá, ẹ mọ̀ lówùúrọ̀ yìí, ẹ sì mọ̀ nígbà tí ẹ wọlé síbí tí ẹ bi mí pé kí lẹ máa sọ fún ìyá mi." Ó kọjú sí i tààrà. "Nígbà tí ẹ rán mi lọ kọ́ ọ n'Íbàdàn, ṣé nítorí èyí ni? Kí ẹ lè ní ẹni tí kò ní bi yín léèrè?"

"Rárá, Yẹ́misí. Nígbà yẹn, rárá. Ọlọ́run gbọ́."

Ó dà bí ẹni pé òtítọ́ ló ń sọ. Ìyẹn kò sì tu Yẹ́misí nínú.

*

Nígbà tí Japheth gbọ́ pé wọ́n ti mú Dókítà, kò dúró kí wọ́n bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ àbúrò Dókítà ni. Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn oko iṣu rẹ̀ ní Igangan, ibẹ̀ ni gbogbo màlúù yòókù tó rà wà. Ó ní ọ̀kan péré ni òun mú lọ fún alápatà, èyí tó jìn sí kòtò, nítorí pé Dókítà kò sí nílé tí òun ì bá fi bi í, òun kò sì fẹ́ kí ẹran kú dànù.

Salome mú Yẹ́misí dání lọ, nítorí òun ló mọ nọ́ńbà wọn. Alájì àti Àkíbù wà lẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n gba àárín ebè kọjá tí wọ́n sì jáde síbi pápá náà, Alájì dúró gbọin.

Ọmọ màlúù ló kún ibẹ̀. Pupa ni gbogbo wọn, àmì funfun níwájú orí. Àwọn kan ń mu ọmú, àwọn kan ń lé ara wọn kiri láìmọ̀ pé àlejò dé. Yẹ́misí ń ka nọ́ńbà etí àwọn ìyá wọn síta, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, láìwo ìwé kankan, ọlọ́pàá tó tẹ̀ lé wọn sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àgàn, àgàn, àgàn ni òun ti tẹ̀ sí iwájú nọ́ńbà wọ̀nyí pẹ̀lú ìka ara rẹ̀.

Alájì rìn wá bá a. Ó ṣí fìlà.

"Ọmọ mi, mo ṣì ọ́ mú. Kò yẹ kí n kọ́kọ́ pe ọlọ́pàá kí n tó pè ọ́ jókòó. Mo bẹ̀ ọ́."

"Ẹ má bẹ̀ mí, sà. Mo ti gbọ́."

"Ṣé wàá padà wá? Ẹ̀rọ yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bíi tìẹ."

Yẹ́misí ronú díẹ̀. "Mi ò tíì mọ̀, sà. Mi ò fẹ́ purọ́ fún yín."

Alájì mi orí, ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó lọ jókòó sórí ebè kan. Ó pẹ́ níbẹ̀. Bóyá ọmọ màlúù ló ń wò, bóyá ọ̀rọ̀ tó sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà kan láyé ọjọ́un ló ń rò. Salome kò bi í.

Ọ̀kan nínú àwọn abo náà kò tíì bí. Ó dúró sábẹ́ òjìji, ikùn rẹ̀ rọ̀ sápá kan. Yẹ́misí ń wò ó láti òkèèrè.

"Ẹ̀gbọ́n Àkíbù," ló wí, "ṣé yóò ta mí nípàá bí mo bá sún mọ́ ọn?"

"Kò ní ta ọ́. O ò tíì fọwọ́ kàn wọ́n rí ni?"

"Rárá. Látọjọ́ tí mo ti ń kọ wọ́n, mi ò fọwọ́ kan ọ̀kan rí."

Àkíbù mú un lọ. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ ọmọbìnrin náà sí ìhà ọ̀tún ẹran, nísàlẹ̀, ó ní kó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kó sì dúró. Ara màlúù náà gbóná ju bó ṣe rò lọ. Ó ń gbọ́ bó ṣe ń jẹ àpọ̀jẹ, bó ṣe ń mí. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó fẹ́ gbọ́wọ́ kúrò. Àkíbù ní kó ṣe sùúrù.

Ìgbà náà ni nǹkan líle kan ti ọwọ́ rẹ̀ láti inú lọ́hùn-ún, lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún ti í.

Yẹ́misí fò sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó tún dá ọwọ́ rẹ̀ padà kíákíá, kí ó má baà pàdánù rẹ̀.

"Kí ni?" Salome bi í láti ibi tó dúró sí.

"Ó lóyún, mà," ni Yẹ́misí wí. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Ó lóyún. Èmi fúnra mi ni mo mọ̀ ọ́n."